Èémí Tí Kò Lórúkọ

“Màmá, tí mo bá sé èémí mi, ta ló ń mí nínú àpótí?”

Ohun tí Kékeré bi wọ́n nìyẹn, lórí ibùsùn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ kó pe ìyókù ní àlá. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlá. Etí àgbà mẹ́ta ló gbọ́ ọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàyè, kò sì sí èyí tó rí èsì fún un nínú wọn títí di òní. A ò bu iyọ̀ kankan sí i. Bó ṣe rí gan-an la ṣe sọ ọ́.

Kékeré jẹ́ ọmọ tí èémí rẹ̀ máa ń gbàgbé ara rẹ̀ lójú oorun. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá sùn, a ní ó sùn, ó tán. Bí Kékeré bá sùn, ṣe ni ìyá rẹ̀ á máa tẹ́tí bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi fún un ní àpótí èémí. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, kò ju ìwé lọ, ó ní bẹ́líìtì aláṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ ọmọ láyà. Bí ọmọ bá ń mí, iná kékeré kan á tàn, á rọ̀, á tàn, á rọ̀. Bí èémí bá dúró, àpótí á ké. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n rán an ju pé kó ké, kí àgbà jí, kí wọ́n gbọn ọmọ.

Ìyá Kékeré mọ àpótí náà ju dókítà lọ. Ilé iṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ló ṣe é. Ọwọ́ òun náà wà nínú kóòdù, àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, tó ń gbé inú rẹ̀.

“Sé èémí rẹ kí n rí i,” ló wí.

Kékeré fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú. Gbogbo wọn ń wo iná. Ó tàn. Ó rọ̀. Ó tàn. Ó rọ̀. Ojú ọmọ ń pọ́n, àyà rẹ̀ dúró gbọin, iná ń lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó tó. Mí.”

Kékeré tú èémí jáde, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ rí i? Ẹlòmíràn ni.”

“Batìrì ni,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Káfíńtà ni bàbá. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tó bá ní wáyà, batìrì ló ń dà á láàmú. Ká ní ojú ọ̀run ní wáyà ni, á ní batìrì ló jẹ́ kí òjò rọ̀.

“Batìrì tó bá kú á pa iná,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. “Kì í mí.”

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Kékeré, jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. “Ìyàwó mi, tú nǹkan yẹn kúrò lára ọmọ.”

Ó tú u. Ó dì í mọ́ ẹ̀yìn àga onígi kan tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Wọ́n dúró de igbe. Ilé dákẹ́. Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀, ọ̀kan, ó dúró, òmíràn. Àpótí kò ké. Iná tàn. Iná rọ̀. Iná tàn.

Àga náà ń mí.

Ìyá Kékeré kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e láyà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà díẹ̀, kó lè yé yín bí irú nǹkan báyìí ṣe ń ráyè wọlé. Oríṣiríṣi ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe: èyí tó ń fa omi, èyí tó ń ti ìlẹ̀kùn, èyí tó ń mú ara ọmọ tuntun móoru, àti àpótí èémí. Ara wọn yàtọ̀, inú wọn jọ ara wọn. Nínú ikùn gbogbo wọn, ètò kan wà tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun, tó ń sọ bí àkókò ṣe ń lọ fún un, tó ń pín iṣẹ́ fún un, tìhín ṣáájú, tọ̀hún tẹ̀lé e. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wọn ń pè ní àká. Ẹni tó bá yí ohunkóhun padà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àyípadà náà. Àká kì í ṣílẹ̀kùn fún aláìlórúkọ. Ẹ̀dà àtijọ́ kì í sì í sọnù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ lánàá wà, èyí tí wọ́n kọ kí àwọn kan tó dé ilé iṣẹ́ náà wà.

Èèkàn ni òfin tí ìyá Kékeré fẹ́ràn jù. Kò yẹ kí gbogbo ẹ̀rọ máa sáré tẹ̀lé Ìpìlẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ẹ̀dà tí wọ́n bá ti dán wò fún ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń so ẹ̀rọ náà mọ́, bí a ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi lè da Ìpìlẹ̀ rú bó ṣe wù wọ́n. Àpótí èémí ò ní gbọ́, ó wà lórí èèkàn tirẹ̀, ó ń jẹ koríko tirẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àmọ́ ohun àjọní, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ewúrẹ́ àjọní, gbogbo ẹnu ló fẹ́ jẹ ẹran rẹ̀, kò sí ọwọ́ tó ń já ewé fún un.

Ọ̀gá wọn ni wọ́n ń pè ní Ó-ti-yé-mi. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í yé e kí ẹ tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló fi ń gba ìyìn. Kò kọ kóòdù kankan rí láyé, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ níwájú àlejò, ẹ ó rò pé òun ló bí kọ̀ǹpútà, tó tún wẹ̀ ẹ́, tó sì sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Àdàkọ wà. Dípò kí Àdàkọ lo Ìpìlẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń lò, ó ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú àpò ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń gán an lọ́hùn-ún, bíi ṣòkòtò ọ̀lẹ. Bó bá tún àṣìṣe kan ṣe, ara rẹ̀ nìkan ló tún un ṣe fún. Bí ẹlòmíràn bá já sínú kòtò kan náà, á máa wò ó, á máa jẹ ẹ̀pà.

Òun ni ìyá Kékeré kọ́kọ́ bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó rí i nínú àká pé wọ́n ti tú èèkàn.

“Ta ló tú àpótí èémí kúrò lórí èèkàn?”

“Ọ̀gá ló ní kí n tú u, Àǹtí. Kì í ṣe àpótí nìkan. Gbogbo ẹ̀rọ. Ó ní èèkàn ń fà wá sẹ́yìn, kí kálukú máa gba èyí tó tuntun jù.”

“O sì tú u.”

“Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀.”

“Bó bá ní kó o bẹ́ sínú kànga ńkọ́?”

“Màá bi í bóyá omi wà níbẹ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀, inú rẹ̀ tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó rò pé òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpótí tó wà nílé ti gba Ìpìlẹ̀ tuntun fúnra rẹ̀, aláìmọ̀kan kan sì ti da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Àṣìṣe èèyàn. Àṣìṣe èèyàn kì í dẹ́rù bà á, ojoojúmọ́ ló ń bá a jẹun.

Ó ṣí èyí tó tuntun jù. Ó wá a, ó rí i.

Ó wà láàárín àwọn iṣẹ́ tí Ìpìlẹ̀ ń pín fún ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kékeré kan, ìlà díẹ̀. Ó mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ mọ́ báyẹn nínú ilé iṣẹ́ náà. Òun pàápàá kò lè ṣe é. Iṣẹ́ náà kàn ń dúró de èémí ni. Bí èémí bá dáwọ́ dúró, ó ń lọ mú òmíràn wá, ó ń fi dípò rẹ̀. Ibi tó ti ń mú un wá ni kò yé e. Nínú ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan ló ní ojúlé, bí ilé ṣe ní nọ́ńbà ládùúgbò. Ojúlé tí iṣẹ́ yìí ń lọ kò sí. Wọn ò kọ́ ilé kankan síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá yà síbẹ̀, ṣe ló yẹ kó ṣubú kó kú. Èyí ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé èémí bọ̀.

Ó wo ibi orúkọ. Ibẹ̀ ṣófo.

“Àdàkọ. Wá wo nǹkan.”

Àdàkọ wò ó. Ó tún un wò. “Àká kì í gba aláìlórúkọ.”

“Mo mọ̀.”

“Bóyá wọ́n pa orúkọ rẹ́.”

“Àwọn wo?”

Ìyá Kékeré padà sí èèkàn àtijọ́, ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ dán wò, tó kà ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó wà níbẹ̀. Ó padà sẹ́yìn sí i. Ó wà níbẹ̀. Ó padà títí dé ẹ̀dà àkọ́kọ́ pátápátá, ìgbà tí Ìpìlẹ̀ kò tíì mọ̀ ju kó tan iná ẹyọ kan lọ. Ó wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹnì kan tí a bá nínú àwòrán ìgbéyàwó, tí ẹbí ọkọ ní àwọn ò mọ̀ rí, tí ẹbí ìyàwó ní àwọn ò mọ̀ rí, tó sì dúró nínú gbogbo àwòrán.

Àdàkọ rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò lè bá a nínú tèmi o, Àǹtí. Mo ti kó tèmi kúrò nínú àjọjẹ yín tipẹ́. Ẹ sì máa ń bú mi.”

Ó ṣí àpò rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò parí. Iṣẹ́ náà wà láàárín àbùlẹ̀ rẹ̀ méjì, ó mọ́ bí eyín ọmọdé.

“Mi ò kọ ọ́,” ló wí.

“Mo mọ̀. Ó dára jù ọ́ lọ.”

Nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá, lórí pákó ìgbéraga rẹ̀, àpótí èémí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wà níbẹ̀ fún àlejò láti wò. Kò bá íńtánẹ́ẹ̀tì pàdé rí. Ìyá Kékeré gbé e, ó ki batìrì bọ̀ ọ́, ó di bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn àga Ọ̀gá. Òun àti Àdàkọ dúró. Iná tàn. Iná rọ̀.

Ọ̀gá wọlé bá wọn bẹ́ẹ̀.

“Ẹ wò ó, sà. Àga yín ń mí.”

“Ó ti yé mi.”

“Kí ló yé yín?”

Ọ̀gá jókòó sórí àga náà, ó fara tì í dáadáa. “Àwọn ọsibítù ti ń ráhùn pé àpótí wa ń ké ju bó ṣe yẹ lọ. Ní báyìí, kò ké mọ́. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í tú u.”

“Kò ṣiṣẹ́, sà. Kó ké niṣẹ́ rẹ̀.”

“Ṣé ọmọ kankan ti kú?”

Ìyá Kékeré wò ó. Ó ti rí òmùgọ̀ láyé, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ṣe é láàánú. Eléyìí kò ṣe é láàánú. Ó wo ọrùn rẹ̀ tó sanra, ó wo iná tó ń tàn tó ń rọ̀ lẹ́yìn ọrùn náà, ó jáde.

Ọsibítù ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e.

“Ẹ dákun, ṣé àpótí èémí ọ̀dọ̀ yín ṣì ń ké?”

“Ẹ wò ó, ó ti tó ìgbà díẹ̀ tá a ti gbọ́ igbe wọn gbẹ̀yìn. A rò pé ara àwọn ọmọ ló ń yá.”

“Àwọn ọmọ náà ńkọ́?”

“Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Wọ́n ń sùn dáadáa, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kò sí, Mádàámù?”

“Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àpótí. Ẹ fi ojú ara yín ṣọ́ wọn.”

“Lóru òní?”

“Lóròòru.”

Ó pe òmíràn, ó tún pe òmíràn, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀gá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn.

“Mádàámù, ẹ ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ lójú ayé.”

“Iṣẹ́ ta ni, sà? Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọ̀gá kò sọ pé ó ti yé òun. Ó yí padà, ó lọ.

Ìyá Kékeré gé iṣẹ́ náà kúrò. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí gígé náà gàdàgbà. Ó so àpótí èémí padà mọ́ èèkàn, ó rọ Ìpìlẹ̀ tó mọ́ sínú àpótí kan, ó di bẹ́líìtì mọ́ àga. Àpótí ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí Àdàkọ fi di etí. Igbe yẹn dùn mọ́ ìyá Kékeré ju orin lọ. Ó kó o sínú báàgì, ó gbé e relé.

Nílé, gbogbo wọn yí ibùsùn ká. Ó di bẹ́líìtì mọ́ ìrọ̀rí, kí Kékeré lè rí i pé ó ti sàn.

Iná tàn. Iná rọ̀.

Ìyá Kékeré ṣí ìdí àpótí, ó yọ batìrì, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Iná kú.

“Batìr...” ni bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀. Ó wo batìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé òkú àpótí lọ sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó tì í mọ́ àárín òòlù àti ayùn.

“Ìyàwó mi,” ni Ìyá Àgbà wí, nígbà tí ọmọ lọ fọ ẹnu. “Bó bá jẹ́ oore ló ń ṣe ńkọ́? O ní kò sí ọmọ tó kú.”

“Ìyá, ẹni tó ń ṣoore tí kò jẹ́ ká mọ orúkọ òun, lọ́jọ́ tó bá sú u, ta la ó pè? Ìlẹ̀kùn ta la ó lọ kàn?”

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ìyẹn náà wà níbẹ̀.”

“Ọmọ mi kì í ṣe ohun tí ẹni àìmọ̀ kan máa fi dánra wò. Àwa la ó ṣọ́ ọ.”

Wọ́n tẹ́ ẹní sí yàrá Kékeré. Wọ́n pín òru láàárín ara wọn. Bàbá ní òun ni àkọ́kọ́, òun ò mọ oorun rárá tí iṣẹ́ bá délẹ̀. Ó fara ti ògiri, ó la ojú rekete. Kò pẹ́, ó ti ń hanrun. Ìyàwó rẹ̀ kò jí i. Ó wò ó pẹ̀lú ẹ̀gàn díẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Kékeré sùn. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e láyà. Ó gòkè. Ó sọ̀. Òde dákẹ́. Ajá kankan kò gbó. Omi tó ń kán nínú ilé ìwẹ̀ ti dúró, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Àyà ọmọ gòkè. Ó sọ̀.

Kò gòkè mọ́.

Ìyá rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú láti gbọ̀n ọ́n. Kó tó gbọ̀n ọ́n, ẹnì kan mí nínú yàrá náà.

Kì í ṣe bàbá, bàbá ń hanrun. Kì í ṣe Ìyá Àgbà, èémí tirẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ìwé ya. Èyí wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó gùn. Ó rọra. Àyà Kékeré sì gòkè, ó tẹ̀lé e.

Ẹni náà tún mí. Àyà ọmọ tún gòkè.

“Ìyàwó mi.” Ohùn Ìyá Àgbà kéré gan-an. “Ìwọ náà gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ, Ìyá.”

“Má tan iná.”

“Kí ló dé?”

“Má ṣáà tan án.”

Kò tan án. Àmọ́ láti àárọ̀ ló ti ń bá àwọn tó ń ṣe nǹkan láìfi orúkọ sí i jà. Kò sí bó ṣe máa bá wọn jà lọ́hùn-ún, kó wá gba ọ̀kan láyè nínú ilé ara rẹ̀, lórí ọmọ ara rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Bí ẹni ń bá ọmọ ìta sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

“Ìwọ. Kí lorúkọ rẹ?”

Èémí náà dúró.

Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àyà Kékeré dúró. Ó gbọ̀n ọ́n. Orí ọmọ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí aṣọ. Ó tún gbọ̀n ọ́n, ó pè é létí. Ọmọ kò jí. Nígbà náà ló tó gbọ́ bí yàrá ṣe dákẹ́ tó. Bàbá kò hanrun mọ́. Ìyá Àgbà kò dún mọ́. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló ń mí.

Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ògiri.

“Ẹ má bínú,” ló wí. “Mi ò bi yín mọ́.”

Kò sí nǹkan kan.

“Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní bi yín mọ́ láé. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹnì kan fa èémí, gígùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò bínú, bí ẹni tí kò sì dárí jì. Àyà Kékeré gòkè. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun láti ibi tó dúró sí. Ìyá Àgbà yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó kùn lójú oorun bí ẹni tí kò jí rárá.

Ìyá Kékeré gun orí ibùsùn, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ó fẹ́ máa ṣọ́. Ó bu ètè jẹ kó má bàa sùn. Ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ, ti ọkọ, ti ìyá ọkọ, ti òun, ó sì gbójú fo èyí tó kù. Ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò láyà ọmọ, ó bọ́ sórí aṣọ. Oorun gbé òun náà lọ.

Nínú yàrá náà, èémí ń gòkè, ó ń sọ̀, kò sì sí ẹni tó jí tí yóò kà á.